Lẹ́tà Tí Ìwé Lẹ̀ Pa, Tí Òǹkọ̀wé Wá Ṣí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ka ìtàn kúkúrú kan tí mo kọ sí etí ìgbọ́ àwọn ènìyàn bí ogún tí wọ́n jókòó sínú yàrá kan. Ìtàn náà dá lórí ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ìparí rẹ̀, ìyá ti kú, ọmọ sì jókòó sí etí ibùsùn tó ṣófo pẹ̀lú àpò lẹ́tà kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò ṣí i, ibẹ̀ ni ìtàn sì parí sí. Nígbà tí mo kà á tán, obìnrin kan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú lẹ́tà yẹn?" Kíá ni mo dá a lóhùn. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, pé bébà òfìfo ni ìyá náà ká sínú àpò lẹ́tà. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀, inú mi sì dùn pé ìdáhùn mi wọ̀ wọ́n lára. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó dára, ẹ ṣeun. Èmi ti rò pé orúkọ ọmọ náà nìkan ló kọ síbẹ̀ ni."

Ìgbà tí mo ń padà lọ sílé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà títí dé òpin rẹ̀, ìyá yẹn kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ rí. "Ẹni tó lọ" ló máa ń pè é, tàbí "ọmọ yẹn". Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú ìyá ni mo sì fẹ́ fi hàn; n kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń fi orúkọ náà pamọ́ láti ojú ewé kan dé èkejì ni mo ń tọ́jú àyè sílẹ̀ fún un nínú lẹ́tà tó wà ní ìparí. Ẹni tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan péré ti so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin. Èmi tí mo kọ ọ́, ohun tó dùn létí ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ. Síbẹ̀, nítorí pé èmi ni òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ tèmi ni gbogbo yàrá gbà, tirẹ̀ sì wọlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú gidigidi nípa àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń sọ ohun tuntun nípa ẹ̀dá ìtàn wọn lẹ́yìn tí ìwé ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí àṣà yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jane Austen, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní 1817. Ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, James Edward Austen-Leigh, kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì sọ níbẹ̀ pé bí àwọn ará ilé bá bi Austen léèrè, yóò sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn ojú ewé ìkẹyìn. Ó ní Kitty Bennet inú Pride and Prejudice fẹ́ àlùfáà kan tí kò gbé jìnnà sí Pemberley, ilé ńlá inú ìtàn náà, ṣùgbọ́n pé Mary, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí ọkọ tó ju akọ̀wé kan lọ́dọ̀ Philips, ọkọ arábìnrin ìyá rẹ̀. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Woodhouse inú Emma lo nǹkan bí ọdún méjì sí i láyé lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, òun ni kò sì jẹ́ kí tọkọtaya náà lọ máa gbé ní Donwell, ilé ọkọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ kan nípa Jane Fairfax. Nínú Emma, àwọn kan jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì to ọ̀rọ̀ fún ara wọn láti mọ̀. Frank Churchill to ọ̀rọ̀ kan síwájú Jane, Jane sì fi ọwọ́ gbá a dànù láìwò ó. Ìwé náà kò sọ ọ̀rọ̀ tó tò. Nínú ilé wọn ni Austen ti sọ ọ́: ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń tọrọ ìdáríjì. Mo padà lọ ka ojú ewé náà lẹ́yìn tí mo mọ èyí, mo sì rí i pé ó bá a mu pátápátá. Àwọn méjèèjì ti ṣe àdéhùn ìgbéyàwó níkọ̀kọ̀, Frank ti fi ọ̀rọ̀ méjì tó kọ́kọ́ tò dójú tì í níwájú àwọn ènìyàn, inú ti bí i. Kí ni ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ìbá tún tò síwájú rẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀bẹ̀? Òǹkàwé tó bá fara balẹ̀ lè ro ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́ fún un. Àlùfáà Kitty kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé náà tó nílò rẹ̀, kò sì sí èyí tó tako ó. Ọ̀rọ̀ ìtura láàárín ẹbí ni. Mo sì kíyè sí i pé Austen kò tẹ ìkankan nínú wọn jáde. Àwọn tó bi í ló sọ ọ́ fún, nínú ilé, lẹ́nu, ìwé rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Ní òde òní, J. K. Rowling ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Ìwé keje tó parí ìtàn Harry Potter jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, 2007. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ní Carnegie Hall ní ìlú New York, òǹkàwé kan bi í bóyá Dumbledore, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ idán inú ìtàn náà, ti nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó dáhùn pé láti ìgbà pípẹ́ ni òun ti mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, àti pé Grindelwald, oṣó tó wá di ọ̀tá rẹ̀, ló fẹ́ràn nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn náà pàtẹ́wọ́ gan-an. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn náà ti kàn káàkiri ayé.

Àwọn kan sọ pé ńṣe ló hùmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà láti fi tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ń múra fíìmù kẹfà sílẹ̀, òun rí gbólóhùn kan nínú ìwé eré tí Dumbledore ti ń rántí ọmọbìnrin kan tó wù ú nígbà èwe, òun sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fún ẹni tó kọ eré náà pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé keje fúnra rẹ̀ ní ohun tí ènìyàn lè dì mú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì náà kò fi ara wọn sílẹ̀, lẹ́tà kan wà tí ọ̀kan kọ sí èkejì, ọ̀pọ̀ ọdún sì wà tí Dumbledore fi ń sún ọjọ́ tí yóò dojú kọ Grindelwald síwájú nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun nìkan ló lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ìwé sọ pé ẹ̀rù òtítọ́ kan nípa ikú àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bà á. Ẹni tó bá tún un kà lẹ́yìn 2007 yóò rí i pé ìfàsẹ́yìn náà tún wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ojú ewé gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra.

Ẹ̀sùn kejì ni mo gbà, kò sì rọrùn fún mi láti kọ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn àwọn ìwé náà. Bí òǹkọ̀wé bá mọ ohun kan nípa ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ṣàlàyé àṣìṣe tó tóbi jù ní ayé rẹ̀, ojú ewé ni ibùgbé rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan tó ń ka ìwé méjèèje náà lóun nìkan, tí kò gbọ́ ìròyìn gbọ̀ngàn kankan, yóò kà á dé òpin láìpàdé ọkùnrin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní New York. Bí ọ̀dọ́ náà bá jẹ́ ẹni tó ń wá ara rẹ̀ nínú ìwé, kò ní rí ara rẹ̀. Gbólóhùn tí a sọ nígbà tí ìwé ti tà tán kò ná òǹkọ̀wé ní ohun tí ì bá ná an bó bá kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí àwọn atẹ̀wé, àwọn òbí àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣì lè yarí. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí kò sí ẹni tó ń dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé. Síbẹ̀, iyì tó yẹ ìwé tó sọ̀rọ̀ jáde kò tọ́ sí ìwé tó dákẹ́, bó ti wù kí òǹkọ̀wé rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 2014, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí Emma Watson ṣe fún un, Rowling tún sọ pé bí òun ṣe fi Hermione fún Ron, àwọn ọ̀rẹ́ Harry méjèèjì, ohun tó wu òun látijọ́ ló fà á ju ohun tó bá ìtàn náà mu lọ. Mo rántí bí àwọn kan tí mo mọ̀ ṣe yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ti dá wọn láre lórí ẹjọ́ tí wọ́n ti ń rò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kí ló yí padà? Ìpín ìkẹyìn ìwé keje, tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 19 lẹ́yìn ogun, fi àwọn méjèèjì hàn wá ní ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀. Ohun tí Rowling sọ kò lè tú ìgbéyàwó náà ká. Àbámọ̀ rẹ̀ ló sọ, mo sì mọrírì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbámọ̀, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó kọ ìwé tó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé ọwọ́ òun lè ti ṣì.

Àwọn lámèyítọ́ kan ti fẹ́ fi òpin sí gbogbo awuyewuye yìí. Ní 1946, W. K. Wimsatt àti Monroe Beardsley kọ àròkọ kan tó sọ pé ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kọ́ ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1967, Roland Barthes ti ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ lọ́nà tó le jù bẹ́ẹ̀: ó kéde ikú òǹkọ̀wé, kí òǹkàwé lè ní ìyè. Umberto Eco, tí òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn àròsọ, sọ nínú àlàyé tó ṣe lórí ìwé rẹ̀ The Name of the Rose pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé kú nígbà tó bá kọ̀wé tán kí ó má baà dí ìwé náà lọ́nà. Ó sọ èyí nínú ìwé pẹlẹbẹ tó fi odindi ṣàlàyé bó ṣe kọ ìtàn náà, èyí tó fi hàn mí pé ẹni tó gba òfin yìí gbọ́ pàápàá kò rí i pa mọ́ délẹ̀.

Ìgbà kan wà tí mo gba ọ̀rọ̀ wọn pátápátá. N kò gbà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé òǹkọ̀wé wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ ilé náà, kò sì sí ọgbọ́n nínú kí a di etí sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. A máa ń gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ohun tó wà nílẹ̀, nítorí ẹlẹ́rìí lè gbàgbé, ó lè fẹ́ ká rí òun ní rere, ó sì lè jẹ́ pé ìdí tó fi dáhùn kò ju pé ẹnìkan dúró níwájú rẹ̀ tó ń retí ìdáhùn. Ìkẹyìn yìí ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti kà, J. R. R. Tolkien ló kọ́ mi ní èyí dáadáa jù. Nínú The Lord of the Rings, àwọn olùṣọ́ igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ent, tí wọ́n jọ igi, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Treebeard, àgbà wọn, sọ pé àwọn ìyàwó àwọn ti sọnù láti ìgbà láéláé, àwọn ti wá wọn títí, àwọn kò rí wọn. Ìwé náà kò sọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn òǹkàwé kò jẹ́ kí Tolkien sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1954, ọdún tí ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó kọ lẹ́tà kan níbi tó ti sọ pé òun rò pé wọ́n ti parẹ́ títí láé, pé wọ́n bá ọgbà wọn lọ nígbà tí ọ̀tá dáná sun ilẹ̀ náà lójú ogun. Àní nínú lẹ́tà yẹn, "mo rò pé" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí òpìtàn tó rí àwókù, tó sì ń gbìyànjú láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1972, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ẹlòmíràn tún bi í. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tọ́ka sí ojú ewé kan nínú ìdìpọ̀ kejì, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ fi hàn gbangba pé àwọn Ent àti ìyàwó wọn kò ní pàdé mọ́ nínú ayé yìí. Ó gbà mí ní àkókò kí n tó rí bí èyí ṣe jinlẹ̀ tó. Láàárín ọdún 18, ẹni tó dá ayé náà sílẹ̀ kò fi kún ohun tó mọ̀. Ńṣe ló yọ nínú rẹ̀. Ó fi ìdáhùn tó ti ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó sì rán òǹkàwé padà sínú ìwé, síbi orin kan tí ọkọ àti ìyàwó ti ń pe ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá ka orin náà lẹ́yìn tí ẹ mọ̀ pé òun náà kò mọ̀, yóò dùn yín ju bó ṣe dùn yín tẹ́lẹ̀ lọ.

Òǹkọ̀wé tún lè ṣàwárí nínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Ray Bradbury kọ Fahrenheit 451 ní 1953, nípa Montag, panápaná tó ń sun ìwé, àti Faber, arúgbó olùkọ́ tó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló tó kíyè sí i pé Montag ni orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bébà, pé Faber sì ni orúkọ àwọn tó ń ṣe pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìparí àtẹ̀jáde tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Níbẹ̀ kan náà ló ti sọ pé nígbà tí òun sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé, Beatty, ọ̀gá àwọn panápaná, fi ilé kan tó kún fún ìwé han Montag, ìwé tí ó ní ṣùgbọ́n tí kì í kà. Àwárí tó dára ni, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ọkùnrin náà. Bradbury kò fi kún ìwé àtijọ́ náà. Ó ní òun kò fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kankan, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra òun ni ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé náà nígbà kan.

Ti fíìmù tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ tó dá ẹ̀dá ìtàn kan pọ̀. Ridley Scott, tó darí Blade Runner ti 1982, sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé Deckard, olórí ẹ̀dá ìtàn náà, kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran ara, pé ẹ̀dá àtọwọ́dá ni. Harrison Ford, tó ṣe Deckard, kò gbà á sí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya á. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú ẹni tó darí ojú àti ẹni tó ni ojú náà?

Ohun tó tún yẹ ká rántí ni pé òǹkọ̀wé mọ ohun púpọ̀ tí kò tẹ̀. Ó mọ ọjọ́ orí, ó mọ ohun tó wà nínú àpò, ó mọ orúkọ ìyá ẹni tó kọjá ní ojú ewé kan péré. Ó tún mọ ohun tó ti kọ rí tó sì fà yọ, yíyọ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ bíi kíkọ rẹ̀. Nínú Great Expectations, Charles Dickens kọ́kọ́ jẹ́ kí Pip àti Estella pàdé fún ìgbà díẹ̀ ní ojú pópó, kí wọ́n sì pínyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edward Bulwer-Lytton, kà á kí ó tó jáde, ó gbà á níyànjú, Dickens sì kọ òmíràn tó fi ìrètí sílẹ̀. Èyí ni àwọn ènìyàn kà ní 1861. Dickens kú ní 1870, ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Forster sì tẹ ìparí àkọ́kọ́ náà jáde nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ ju èkejì lọ. Síbẹ̀ n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, nítorí Dickens fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un kúrò.

Mo wá ń bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún àwọn tí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ní 1983, Toni Morrison tẹ ìtàn kúkúrú kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Recitatif, nípa Twyla àti Roberta, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pàdé ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú, èkejì jẹ́ aláwọ̀ funfun, ìtàn náà kò sì sọ èwo ni èwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oúnjẹ, irun, aṣọ, orin, àdúgbò, gbogbo ohun tí òǹkàwé yóò fẹ́ fi mọ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń já a kulẹ̀. Morrison kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yọ gbogbo àmì ẹ̀yà kúrò nínú ìtàn nípa àwọn ẹni méjì tí ẹ̀yà ṣe pàtàkì fún. Ẹ rí i pé ó sọ̀rọ̀. Ó sọ bó ṣe kọ ọ́ àti ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ náà fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú ní 2019. Bó bá jẹ́ pé ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn níbi ìpàdé kan, ìtàn náà ì bá ti di àlọ́ tí wọ́n ti já, àwa tí a ń kà á kò sì ní tún rí ara wa nínú bí a ṣe ń sáré láti pín àwọn ọmọ náà sí apá ọ̀tún àti apá òsì.

Samuel Beckett, òǹkọ̀wé eré, náà rí ìdánwò kan náà. Alan Schneider, tí yóò darí Waiting for Godot ní Amẹ́ríkà, bi í pé ta ni Godot, ẹni tí wọ́n ń dúró dè nínú eré náà tí kò sì wá, tàbí kí ni ó dúró fún. Beckett ní bó bá jẹ́ pé òun mọ̀ ni, òun ì bá ti sọ ọ́ nínú eré náà. Àwọn kan gbà pé ó fi ń sá fún ìbéèrè ni. Èmi gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ gidi láti ẹnu ẹni tó gbà pé eré náà ti gba gbogbo ohun tí òun ní.

N kò dá àwọn tó ń béèrè lẹ́bi. Ìfẹ́ ló ń mú ènìyàn bi òǹkọ̀wé bóyá arúgbó yẹn sàn, bóyá ọmọ yẹn padà wálé. Ẹni tí ìtàn kò bá wọ̀ lára kò ní béèrè. Òǹkọ̀wé tó kọtí ikún sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò dà bí agbéraga, èmi fúnra mi kò sì ní lè ṣe é. Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé bí ẹnìkan bá bi mí, mo máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń kọ̀wé náà, bí mo bá rántí rẹ̀, mo sì máa ń fi kún un pé ojú ewé kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá ro ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ rí, mo máa ń sọ pé n kò rò ó débẹ̀. Ó le ju bí ó ṣe ń dún létí lọ, nítorí pé ojú ẹni tó béèrè máa ń rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ọkàn mi a sì máa fà mí láti hùmọ̀ nǹkan kí n lè tù ú nínú.

Ní ti ìtàn ìyá àti ọmọ náà, ó ti jáde nínú àkójọ kan lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ìparí rẹ̀, n kò sì yọ ìkankan. Àpò lẹ́tà ṣì wà ní pípa lọ́wọ́ ọmọ náà, ìyá kò sì tíì pe orúkọ rẹ̀. Mo wá obìnrin tó sọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kí n lè sọ fún un pé òun ló kà á dáadáa ju mi lọ, n kò rí i. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, mo pàdé ọkùnrin kan tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí mo kà á. Ó kí mi dáadáa, ó ní òun kò gbàgbé ìtàn mi. Nígbà tí mo bi í pé èwo nínú wọn, ó ní, "Èyí tí ìyá ti fi bébà òfìfo ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀."